Kíkun Rímù Ọkọ̀ Nílé: Ohun tí Ọ̀dà Lè Ṣe àti Ohun tí Kò Lè Ṣe

(Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ẹgbẹ́ kan sọ níbi ìpàdé ọdọọdún wa, tí a tẹ̀ síhìn-ín fún àǹfààní àwọn tí kò lè wà níbẹ̀)

 

Nígbà tí Akọ̀wé kọ̀wé sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí kíkun rímù ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà kéré jù fún àpéjọ tí a ti ń jíròrò ilé-ìwé àti omi ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka ìwé náà dé ìsàlẹ̀, mo rí ìdí rẹ̀. Rímù bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ wa, tí ó ń gbé àwọn àgbàlagbà lọ sí ilé-ìwòsàn, ti dógùn-ún. Ìgbìmọ̀ sì ti pinnu pé a kò ní ra òmíràn ní ọdún yìí. Àwọn ọ̀dọ́ wa ni yóò kùn wọ́n ní àgbàlá gbọ̀ngàn yìí kí Ọjọ́ Ìlú tó pé. Ìpinnu náà dára. Iṣẹ́ tí ọwọ́ wa lè ṣe kò yẹ kí a máa san owó fún ẹlòmíràn láti ṣe é. Ṣùgbọ́n mo ní ohun kan láti sọ kí ẹnikẹ́ni tó ṣí agolo ọ̀dà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn ara mi bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tí ó ti já sí kòtò ni ó lè júwe ibi tí kòtò náà wà. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo ra Volkswagen ògbólógbòó kan, irú èyí tí gbogbo wa ń pè ní Ìjàpá. Ẹ rántí pé ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to irú ọkọ̀ yìí pọ̀ ní Èkó, àti pé ní ọdún 2003 ni wọ́n ṣe èyí tí ó kẹ́yìn ní ilẹ̀ Mẹ́síkò. Ẹni tí ó bá ní ọ̀kan lónìí, títọ́jú ni ó kù fún un. Mo fẹ́ kí tèmi dán. Mo ra ọ̀dà dúdú, mo sì kun rímù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níwájú, lẹ́yìn, nínú àti lóde, àní títí dé inú ihò tí orí bóòtù ń jókòó sí. Mo kùn ún nípọn, mo tún un kùn. Mo fi òrùka dídán yí etí rẹ̀ ká. Nígbà tí mo parí, àwọn aládùúgbò ń kí mi kú oríire ọkọ̀ tuntun.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tí mo gbé ìyá mi láti Ìbàdàn, tí a ń lọ sí Ọ̀yọ́. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n níwájú. Ìyá mi ní, "Ọmọ mi, kí ni ó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe yìí?" Mo ní, "Màámi, ọ̀nà ni kò dára, ẹ má bẹ̀rù." Wọ́n ní, "Ọ̀nà kọ́. Dúró." Mo dúró láti tẹ́ wọn lọ́rùn ni. Nígbà tí mo bẹ ẹsẹ̀ iwájú ní apá òsì wò, bóòtù kan ti já bọ́ sọ́nà, méjì ni mo fi ìka ọwọ́ lásán yí, ọ̀kan ṣoṣo ni ó ṣì di ọkọ̀ náà mú. Ìyá mi jókòó sórí òkúta lẹ́bàá ọ̀nà, wọn kò sọ ohunkóhun títí mo fi tún un ṣe. Ìgbà tí a tún wọkọ̀ ni wọ́n tó wò mí, wọ́n ní, "Ó dán o. Ṣùgbọ́n dídán kọ́ ni dídúró."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé wá bá yín lónìí. Gbogbo ohun yòókù tí mo fẹ́ sọ, àlàyé rẹ̀ ni.

Kí ni ó fà á tí bóòtù fi tú? Bóòtù kì í fi agídí mú rímù. Fífà ni ó fi ń mú un. Nígbà tí a bá fi sípánà fún un, bóòtù náà a nà díẹ̀, bí rọ́bà ti ń nà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú wa kò lè rí i. Nínà yẹn ni ó ń fa rímù mọ́ irin tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní họ́ọ̀bù. Bí irin bá pàdé irin, nínà náà a dúró. Ṣùgbọ́n ọ̀dà rọ̀ ju irin lọ. Bí ọ̀dà tí ó nípọn bá wà láàárín wọn, ìwúwo ọkọ̀, ooru bíréèkì àti gbígbọ̀n ọ̀nà a tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ tàbí kí wọ́n fọ́ ọ dànù. Àyè tíńtín a sì ṣí sílẹ̀, bóòtù a dẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà fúnra rẹ̀. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Nítorí náà, ibi mẹ́ta wà lára rímù tí kò gbọdọ̀ rí ọ̀dà tí ó nípọn. Ìkínní ni ojú ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó fara ti họ́ọ̀bù. Èkejì ni inú ihò tí orí bóòtù tàbí nọ́ọ̀tì ń jókòó sí. Ẹ̀kẹta ni ibi tí ètè táyà ń fara mọ́ rímù, nítorí táyà tí kò ní túùbù nínú, ibẹ̀ ni ó fi ń di afẹ́fẹ́ rẹ̀ mú. Bí ọ̀dà ibẹ̀ bá ń ṣí, afẹ́fẹ́ yóò máa jò. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ọ̀rọ̀ mi, ẹ má gbàgbé ibi mẹ́ta yìí.

Ẹ jẹ́ kí a wá mọ ọ̀tá tí a fẹ́ bá jà, èyíinì ni ìpáàrà. Irin, omi àti afẹ́fẹ́ ni ó ń bí i, iyọ̀ sì ń mú kí ó tètè dàgbà. Ìdí nìyí tí irin tí ó wà lẹ́bàá òkun fi ń tètè jẹ. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ fi ń dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú rímù tí ó ti jẹ: ní apá púpọ̀ nínú Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń da iyọ̀ sí ojú títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́. Iyọ̀ náà a sì wọnú ibi tí a ti jó irin méjì pọ̀, nítorí rímù onírin kì í ṣe ẹyọ kan: òrùka fífẹ̀ tí ó gbé táyà wà lọ́tọ̀, àwo àárín tí ó ní ihò bóòtù wà lọ́tọ̀, a kàn jó wọn pọ̀ ni. Ohun mìíràn tí ó yẹ kí a mọ̀ ni pé ìpáàrà máa ń wú ju irin tí ó jẹ lọ. Bí a bá kun ọ̀dà lé e lórí, yóò máa wú lábẹ́lẹ̀, yóò sì ti ọ̀dà náà sókè bí ìléròrò. Ẹni tí ó kun ọ̀dà lé ìpáàrà dà bí ẹni tí ó fi aṣọ funfun di egbò tí a kò wẹ̀.

Mo fẹ́ to iṣẹ́ náà lẹ́sẹẹsẹ báyìí.

Ìkínní, yíyọ. Kí ọkọ̀ dúró sí ilẹ̀ títẹ́jú, kí a sì fi òkúta tàbí igi dí àwọn ẹsẹ̀ yòókù. Kí a dẹ nọ́ọ̀tì díẹ̀ kí a tó fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Bí ọ̀nà bá wà, kí fọ́káníṣà yọ táyà kúrò lára rímù, nítorí iṣẹ́ a mọ́ jùlọ báyìí.

Èkejì, àyẹ̀wò. Kí a fọ rímù pẹ̀lú ọṣẹ àti omi. Ẹ má ṣe fẹ́ eruku bíréèkì pẹ̀lú ẹnu tàbí ẹ̀rọ, nítorí bíréèkì ayé àtijọ́ ní ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì nínú, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Omi ni kí ẹ fi rẹ ẹ́ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí a gbé rímù sínú oòrùn, kí a sì wo etí gbogbo ihò àti ojú ibi tí a jó pọ̀. Bí ẹ bá rí ìlà pupa tín-ín-rín tí ó ti ihò bóòtù jáde, sísán ni, kì í ṣe ìdọ̀tí. Bí ihò tí ó yẹ kí ó rí róbótó bá ti gùn bí ẹyin, ó ti jẹ. Bí ìpáàrà bá ti jẹ irin jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó ti fẹ́lẹ́, ó ti tán. Irú rímù bẹ́ẹ̀ kò gba ọ̀dà, kò sì gba jíjó. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ra irin àlòkù ni ibi tirẹ̀.

Ẹ̀kẹta, họ́họ. Iṣẹ́ gan-an nìyí, ìdajì àkókò yín ni yóò gbà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Búrọ́ọ̀ṣì onírin ni a kọ́kọ́ ń lò, lẹ́yìn náà sáńpépà 80, kí 180 sì tẹ̀ lé e. Ìpáàrà tí ó bá wà nínú kòtò kéékèèké tí sáńpépà kò lè dé, a lè fi omi apa-ìpáàrà tí ó ní ásíìdì fọsifọ́ríìkì pa á, ṣùgbọ́n kí a wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú, kí a sì tẹ̀ lé ohun tí a kọ sára ìgò rẹ̀. Bí ọ̀dà àtijọ́ bá wà lára rímù, pàápàá ọ̀dà pupa tí a fi ń ṣe ìpìlẹ̀ láyé ọjọ́un, ó lè ní òjé nínú, májèlé sì ni òjé. Kí a fi omi sí sáńpépà bí a ti ń họ ọ́ kí eruku má bàa fò, kí ọmọdé má sì sún mọ́ ibẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, nínù. Ọ̀pọ̀ wa fẹ́ràn kẹrosíìnì fún nínu irin. Ó dára fún yíyọ gírísì, ṣùgbọ́n ó máa ń fi ọ̀rá díẹ̀ sílẹ̀, ọ̀dà kì í sì í di ọ̀rá mú. Kí ẹ fi tínà àti aṣọ mímọ́ nù ún gbẹ̀yìn. Pẹtiróòlù ní tirẹ̀, ẹ má ṣe dán an wò, iná ni. Láti ìgbà tí irin bá ti mọ́, kí ẹ má jẹ́ kí ó sun ìta mọ́jú ní ìhòòhò. Afẹ́fẹ́ ilẹ̀ wa kì í pẹ́ mú un pọ́n.

Ẹ̀karùn-ún, bíbò. Kí a gé bébà róbótó bo ojú tí ó fara ti họ́ọ̀bù, kí a sì fi téèpù bébà bo inú ihò bóòtù kọ̀ọ̀kan àti ihò tí a ń gbà fẹ́ táyà. Bí táyà bá ṣì wà lára rímù, kí a mú káàdì tí a fi ń ṣeré, kí a ki wọ́n sáàárín etí rímù àti táyà yíká. Wọn yóò dúró bí ọgbà, ọ̀dà kì yóò sì kan rọ́bà.

Ẹ̀kẹfà, kíkùn. Kí ó tó di ọdún 1923, tí ilé-iṣẹ́ DuPont ti Amẹ́ríkà gbé ọ̀dà Duco jáde, kíkun ọkọ̀ kan lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀, nítorí gbígbẹ ọ̀dà. Lónìí, ọ̀dà inú agolo a gbẹ ní ìṣẹ́jú díẹ̀, èyí ni ó sì ń mú wa kánjú. Ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí ó ń dènà ìpáàrà ni kí a kọ́kọ́ kùn, lẹ́ẹ̀mejì, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí ó bá gbẹ, kí a fi sáńpépà 400 àti omi pa á lára fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, kí a nù ún gbẹ. Lẹ́yìn náà ni àwọ̀ tí a fẹ́, lẹ́ẹ̀mẹta, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà. Kí agolo jìnnà tó ìwọ̀n 25 sẹ̀ǹtímítà, kí ọwọ́ má dúró sójú kan, kí a sì sinmi ìṣẹ́jú 10 sí 15 láàárín kíkùn kan àti èkejì. Ọ̀dà tí a dà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan a máa ṣàn bí omijé.

Oríṣi ọ̀dà kan náà ni kí a rà láti ìpìlẹ̀ dé òkè. Bí a bá da ọ̀dà oní-tínà líle lé orí ọ̀dà ẹnámẹ́ẹ̀lì, ti ìsàlẹ̀ a hun jọ bí awọ arúgbó. Ọ̀dà alágolo méjì tí a ń da hádínà sí, kí a fi sílẹ̀ fún àwọn oníṣẹ́ tí ó ní ìbomú tí ń fa afẹ́fẹ́ mímọ́ láti ibòmíràn. Èéfín rẹ̀ lè sọ ènìyàn di oní-ikọ́-fée. Èyí tí ẹ bá ń lò pàápàá, kí ẹ lò ó ní gbangba, kì í ṣe nínú yàrá, kí ẹ má sì dáná nítòsí.

Nípa ojú ọjọ́, ẹ yẹra fún ọjọ́ òjò. Bí tínà bá ń fẹ́ lọ, ó ń mú ojú irin tutù, ìrì inú afẹ́fẹ́ a sì sẹ̀ sórí ọ̀dà, a sì funfun bí ẹni pé a ta ẹfun sí i. Ìgbà ọyẹ́ ní tirẹ̀ ní eruku. Àárọ̀ tí ìrì bá ti gbẹ, lábẹ́ ìbòòji, tí a ti wọ́n omi sílẹ̀ yíká kí eruku lè jókòó, ni mo fẹ́ràn jù.

Ó ku òrùka dídán tí ó ń yí etí rímù ká. Bí ó bá jẹ́ ti irin tí kì í dógùn-ún, ẹ má kùn ún rárá. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi oògùn ìpara irin dán an. Bí kúrómù ara rẹ̀ bá ti ń ṣí, a lè kùn ún, ṣùgbọ́n ọ̀dà kì í di ohun tí ó ń yọ̀ mú: kí a fi sáńpépà 400 pa dídán rẹ̀ kú pátápátá, kí a sì lo ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí a ṣe fún irin yíyọ̀. Kí a fi àwọn eyín tí ó fi ń gé rímù mú sílẹ̀ láìkùn, nítorí ọ̀dà ibẹ̀ yóò ṣí bí a bá ti tì í wọlé. Kí a wọ ìbọ̀wọ́, etí rẹ̀ mú bí abẹ. Kí a sì rí i pé eyín rẹ̀ kò rọ̀: òrùka tí kò di rímù mú dáadáa máa ń rìn yí po bí ọkọ̀ ti ń lọ, ó sì lè gé rọ́bà tí a ń gbà fẹ́ táyà. Mo sọ èyí nítorí àwọn kan lára yín ti sọ fún mi pé àwọn yóò dá owó òrùka dídán fún bọ́ọ̀sì wa.

Ìkeje àti ìkẹyìn, dídá padà. Ẹ fún ọ̀dà ní ọ̀sẹ̀ kan kí ó le kí irin fọ́káníṣà tó kàn án. Ẹ ṣí gbogbo bébà kúrò, kí ẹ sì wo ibi mẹ́ta tí mo dárúkọ. Bí ọ̀dà bá wọ ojú họ́ọ̀bù tàbí ihò bóòtù, ẹ họ ọ́ dànù. Ẹ fi ọwọ́ yí nọ́ọ̀tì wọlé ná, kí ẹ tó fi sípánà fún wọn, ní ìkọjú-síra-wọn, kì í ṣe ní yíyí po, títí dé ìwọ̀n tí ìwé ọkọ̀ náà sọ. Lẹ́yìn ìrìn kìlómítà 50 sí 100, ẹ dúró, ẹ tún wọn fún. Èmi kò ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ tí mo ń gbé ìyá mi lọ.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo dé gbọ̀ngàn yìí kí ẹ tó dé lónìí. Mo bọ́ bàtà mi, mo ká ṣòkòtò mi, mo sì wo rímù bọ́ọ̀sì wa pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì. Mẹ́ta dára, ìpáàrà wọn kò jinlẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ wa lè sọ wọ́n di tuntun ní òpin ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣùgbọ́n ti ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ní ìlà pupa tí ó ti ihò nọ́ọ̀tì kan jáde, ó gùn tó ìka kékeré mi. Mo mọ̀ pé Ìgbìmọ̀ ti sọ pé kò sí owó. Mo mọ̀ pẹ̀lú pé bí a bá kùn ún, kò sí ẹni tí yóò rí i ní Ọjọ́ Ìlú. Yóò dán bí àwọn mẹ́ta yòókù. Èyí gan-an ni ẹ̀rù rẹ̀ ṣe ń bà mí.

Nítorí náà, mo bẹ Alága àti Ìgbìmọ̀ pé kí bọ́ọ̀sì náà má ṣe gbé ẹnikẹ́ni títí a ó fi pààrọ̀ rímù kan yìí. Kí owó tí a fẹ́ fi ra òrùka dídán di owó rímù. Bí kò bá tó, èmi ni yóò kọ́kọ́ dá tèmi, mo sì ti mú un wá sínú àpò yìí. Kí bọ́ọ̀sì wa jáde ní Ọjọ́ Ìlú láìsí òrùka, ṣùgbọ́n kí gbogbo àgbàlagbà tí ó bá wọ inú rẹ̀ padà délé.

 Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí a rí ìjàǹbá ọ̀nà. Kí ìlú wa máa tẹ̀ síwájú. Àṣẹ.